Àpótí Tó Ń Súfèé

Ọjọ́ tí àpótí onígílóòbù wọ ilé Atẹ̀wé, bàbá náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Láti inú ọkọ̀ títí dé pálọ̀, àyà ló gbé e mọ́, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé ọmọ jòjòló tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ń wò ó. Òun ló bí ọmọ mẹ́ta fún un, kò sì rántí èyí tó gbé bẹ́ẹ̀ nínú wọn.

Onígíláàsì ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyàwó yìí, nítorí pé òun ló ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò ní ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta kan tó kọjú sí ibùdókọ̀. Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé. Kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n rẹ̀ ló ti ń tẹ̀wé: ìwé ìkésíni, kàlẹ́ńdà, ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ohun tí wọ́n bá ṣáà gbé wá. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tó wà níbẹ̀ ń dún látàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta sínú agbada irin, ẹni tó bá sì fẹ́ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, etí rẹ̀ ló ń lọ pariwo sí.

Kí àpótí náà tó dé, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń kọ àwo orin, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, wọ́n ní sípíkà méjì, orin sì ń dún, kò sẹ́ni tó ráhùn. Àfi bí Atẹ̀wé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwékíwèé lórí fóònù. Wọ́n ní àpótí kékeré kan wà tó máa ń dúró láàárín ẹ̀rọ alàwo àti ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, pé gílóòbù méjì yọ lórí rẹ̀ bí ìwo ìgbín, pé bí iná bá wọ̀ ọ́, wọ́n á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, orin á sì yí padà.

“Ohùn tí a ti ń gbọ́ látẹ̀yìn wá, ohùn òkú ni,” Atẹ̀wé sọ, bó ṣe ń so wáyà mọ́ àpótí náà. “Ó tutù. Èyí ló máa jẹ́ kí ohùn lọ́ wọ́ọ́wọ́.”

Onígíláàsì yí ẹ̀yìn padà sí ìdí ìkòkò. Ó sọ ọ́ sábẹ́ èémí pé, “Omi ìwẹ̀ tí mo ní kí ẹ tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe láti ọdún tó kọjá ńkọ́? Ṣé òun náà ò yẹ kó lọ́ wọ́ọ́wọ́?”

Atẹ̀wé kò gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ kò sì sọ ọ́ kó gbọ́. Bí obìnrin náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ló ti rí i pé bí òun bá dá ọkọ òun lóhùn lójú rẹ̀, ìjà ni. Bí òun ò bá sì dá a lóhùn rárá, inú òun á wú bí ìyẹ̀fun tó gba ìwúkàrà. Ó wá wá ọ̀nà àárín. Á kọ ẹ̀yìn sí i, á ki orí sí ìdí ìkòkò, á sọ gbogbo tẹnu rẹ̀ tán pátá láì jẹ́ kó dún síta, á wá yíjú padà, ojú á mọ́ kedere. Oògùn tó fi ń jẹ́ aya rere nìyẹn, kì í sì í tán nílé.

Òfin tẹ̀ lé àpótí náà wọlé. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, àwọn gílóòbù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ móoru, nítorí náà gbogbo ilé á jókòó tì wọ́n bí ẹni tó ń ṣọ́ adìẹ tó sàba. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lọ aṣọ nígbà tí orin bá ń lọ, nítorí pé áyọ́ọ̀nù, gẹ́gẹ́ bí Atẹ̀wé ṣe wí, ń mú iná dọ̀tí. Wọ́n ti àga onítìmùtìmù tí wọ́n fi ń gba àlejò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àga kan ṣoṣo ló kù láàárín pálọ̀, ti bàbá ni, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ohùn sípíkà méjèèjì ti ń pàdé ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ilé ìwẹ̀, kó gba ẹ̀yìnkùlé.

“Ìtẹ́ ọba,” ni Onígíláàsì sọ fún ìkòkò. “Ó ku adé.”

Àbígbẹ̀yìn, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nílé, ló kọ́kọ́ fẹ̀sùn kan àpótí náà. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ tàn án, orin kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ náà ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

“Dádì, kí ló ń súfèé?”

“Súfèé báwo?”

“Ó ń ṣe fíín. Ó dà bíi yànmùyánmú, àmọ́ kì í sinmi.”

Atẹ̀wé tẹ́ etí. Ó tẹ́ ẹ dáadáa, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ìdákẹ́jẹ́ ló gbọ́, ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ́ ẹ lọ́rùn gan-an.

“Ohun tí o ń gbọ́ yẹn, kò sí,” ó sọ fún ọmọ rẹ̀. “Etí tó jẹ́ pé orin fóònù ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà ló ń bá ọ jà.”

Onígíláàsì náà gbọ́ ọ. Ohùn tín-ín-rín kan ni, bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fà gba inú aṣọ, kì í sì í dákẹ́ títí wọ́n á fi pa iná. Ajá wọn gbọ́ ọ. Bí Atẹ̀wé bá ti na ọwọ́ sí bọ́tìnnì báyìí, ajá á dìde, á gbọn ara, á gba ẹnu ọ̀nà jáde bí àlejò tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbé igbá owó kiri.

“Dádì, nǹkan yẹn ń súfèé lóòótọ́,” ìyàwó rẹ̀ sọ fún un.

“Ẹ̀yin elétí igi,” ni Atẹ̀wé fi dá a lóhùn, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, á ní kí àwọn elétí igi wá jẹun. Bí ó bá ń bá àlejò sọ̀rọ̀, á ní òun nìkan ló ní etí nílé òun, pé ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ẹjọ́ àwọn tí kò ní.

Onígíláàsì gbà pé ìgbéraga ni, kò sì yà á lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé ọkọ òun ò ka ọ̀rọ̀ òun sí. Bó bá pè é láti kíṣìnnì, kò ní dáhùn. Bó bá ń sọ bí ọjà ṣe rí lọ́jọ́ náà, ọkùnrin náà á dìde láàárín ọ̀rọ̀, á lọ. Nígbà kan tó ní, “Ẹ bá mi ra òwú bọ̀,” ńṣe ló gbójú sókè láti inú ìwé ìròyìn, tó ní, “Òkú ta ni?” Onígíláàsì bínú títí ọbẹ̀ fi jóná lọ́jọ́ náà. Ó dá a lójú pé òun ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn tí Atẹ̀wé bá pàdé lórí fóònù nítorí gílóòbù ti di ẹgbẹ́. Alága wọn jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ lu agogo irin, tó sì ń jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Akọ̀wé wọn jẹ́ dókítà eyín tí ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ́ eyín ti ń ké sí i létí láti ìgbà èwe. Ní ọ̀sán Sátidé kan, àwọn méjèèjì wá wo àpótí náà. Alága mú ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dání, ọ̀dọ́bìnrin onídìrí kan tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán, tí àgbà ọmọ Alága fi ọdún mélòó kan jù.

Atẹ̀wé tan àpótí. Ajá jáde. Àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa ojú dé.

“Ẹ gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn,” dókítà eyín sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Kí lẹ wí?” Alága bi í.

“Mo ní ẹ gbọ́ ìdákẹ́jẹ́.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Ó jinlẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí láyé mi.”

Atẹ̀wé mi orí bí bàbá ìyàwó níbi tí wọ́n ti ń yin ọmọ rẹ̀. Ìyàwó Alága ti fún ojú pọ̀, ó ti fi ìka kan di etí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí.

“Ẹ má bínú sà,” ó sọ. “Nǹkan kan ń ké gan-an nínú àpótí yẹn.”

Alága rọra fi ọwọ́ lu itan rẹ̀. “Ẹ̀kọ́ ni, ìyàwó mi. Díẹ̀díẹ̀ ni.”

Onígíláàsì ní kí ọ̀dọ́bìnrin náà wá bá òun gbé ohun mímu. Bí ilẹ̀kùn kíṣìnnì ṣe dé mọ́ wọn lẹ́yìn, ọmọ náà mí kanlẹ̀.

“Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ?”

“Bí mo ṣe ń gbọ́ ohùn rẹ.”

“Ẹ ṣé o. Mo ti rò pé orí mi ló ń dàrú.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ife sórí àwo pẹrẹsẹ, ó ń rẹ́rìn-ín. “Bí ọkọ mi ṣe ń ṣe nílé náà nìyẹn. Mo ní omi ti gbóná, wọ́n ní ta ló wà lọ́nà. Fóònù wọn á dún títí á sú fóònù fúnra rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé wọn ò ka ọ̀rọ̀ mi sí, torí pé ọmọdé ni mí. Ìgbà tó yá ni mo wá rí i pé bí mo bá dúró síwájú wọn, tí wọ́n ń wo ẹnu mi, wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn wọn ni kì í gbọ́. Ẹ má sọ fún wọn o, Mọ́mì. Wọ́n ní etí ológbò ni àwọn ní.”

Onígíláàsì gbé ife tó mú dání sórí àwo pẹ̀lú àwọn yòókù. Òwú. Òkú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Atẹ̀wé ń ka ìwé ìròyìn lórí ìtẹ́ rẹ̀. Àpótí wà ní pípa, ilé pa rọ́rọ́. Onígíláàsì lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Kò pariwo, kò sì fọwọ́ bo ẹnu.

“Mo ti rí ọkùnrin mìíràn,” ó sọ. “Ọ̀la ni mò ń kó lọ.”

Atẹ̀wé ṣí ìwé sí ojú ewé kejì.

“Ó ga jù yín lọ. Ó tún ní irun lórí.”

Atẹ̀wé nu imú, ó ń kàwé lọ.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ gbé obìnrin náà, ló bá sá wọ kíṣìnnì lọ rín in. Àárín ẹ̀rín náà ni ohun mìíràn ti gbà á mú. Lójoojúmọ́ ayé, àwọn àgbàlagbà ń jókòó síwájú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á na ìwé jìnnà bí ẹni fẹ́ fi han aládùúgbò, wọ́n á ní ojú àwọn ò ṣe nǹkan kan, pé àwọn tó ń tẹ̀wé lóde òní ló ń tẹ lẹ́tà wíwẹ́. Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á mú gíláàsì fún wọn. Òun tó mọ àrùn ẹni tí kò ríran tó ní òun ń ríran, òun ló fi gbogbo ọdún wọ̀nyí bínú sí ẹni tí kò gbọ́ràn. Ọkùnrin náà kò fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Kò gbọ́ ọ ni. Ohun tó sì dùn ún jù ni pé òun náà ti gbádùn àìgbọ́ yẹn: ta ni yóò bú ọkọ rẹ̀ lójoojúmọ́ nínú yàrá kan náà, tí kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé etí ọkọ náà kò pé?

Lórí àjà kejì ilé tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń yẹ etí wò. Ọ̀rẹ́ orí àtẹ̀gùn ni àwọn méjèèjì. Onígíláàsì mọ̀ pé bí òun bá ní kí ọkọ òun lọ yẹ etí wò, kò ní lọ. Ibi tó ń yún un ló ti họ ọ́.

“Obìnrin elétí tó wà lókè wa ń wá ẹni tí etí rẹ̀ já gaara,” ó sọ fún un, ó dúró síwájú rẹ̀ gan-an. “Ó ní àwọn adití nìkan ló ń wá bá òun, ojú òun ti ń pọ́n fún etí tó pé.”

Atẹ̀wé ká ìwé ìròyìn. “Ẹni tó ń wá etí, ṣé ó tún yẹ kó jìnnà?”

Ó wọ aṣọ tó dára lọ. Yàrá kékeré kan wà tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀ yí ká, tó ní fèrèsé onígíláàsì. Wọ́n mú ọkùnrin náà jókòó sínú rẹ̀, wọ́n dé ohun ìgbọ́rọ̀ mọ́ ọn létí, wọ́n fún un ní bọ́tìnnì kan pé kó máa tẹ̀ ẹ́ bó bá ti gbọ́ ohùn. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn obìnrin elétí níta, ó ń wò ó láti ojú fèrèsé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohùn tó nípọn ni; Atẹ̀wé ń tẹ bọ́tìnnì, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Obìnrin elétí yí ohùn náà kó tín-ín-rín sí i, ó tún yí i. Atẹ̀wé ṣíwọ́ títẹ̀. Ó tẹ́ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pa ojú dé, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe níwájú gílóòbù rẹ̀, ó ń fi sùúrù dúró de ohùn tó ti ń dún sí i létí tipẹ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì, kò mira. Ó dúró bí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìdáhùn, tó ń retí kí wọ́n bi òun.

Onígíláàsì ti fọkàn sí i pé òun á rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Nígbà tí àyè rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó yíjú sí ògiri.

“Àwọn ohùn nínípọn ṣì wà, bàbá,” obìnrin elétí sọ fún un nígbà tó jáde. “Àwọn tín-ín-rín ni kò sí mọ́. Ariwo ibi iṣẹ́ yín ló gbé wọn lọ, kì í sì í ṣe lánàá.”

“Ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́,” ni Atẹ̀wé wí, ó ti dìde.

“Ẹ̀rọ wa ò bàjẹ́ sà. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé ẹ fẹ́ràn orin?” Ó ti gbọ́ nípa àpótí náà lórí àtẹ̀gùn. “Ohùn wà nínú àwọn àwo orin yín tí ẹ ò gbọ́ mọ́ láti ọdún gbọgbọrọ. Bí ẹ bá lo ẹ̀rọ etí, ẹ máa gbọ́ ọ.”

Atẹ̀wé tún jókòó. Gbogbo àrọwà tí ìyàwó àti ọmọ lè pa, kò ní gbé e dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ orin ni okùn tí wọ́n fi fà á.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ etí náà sétí wálé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi lọ tan àpótí. Ajá jáde. Ó jókòó, ó pa ojú dé. Kíá ló là á.

“Kí ló ń súfèé?”

Àbígbẹ̀yìn, tó ń kàwé nídìí tábìlì, wo ojú ìyá rẹ̀. Atẹ̀wé dìde, ó gbé etí sí ògiri, ó gbé e sí fíríìjì, ó lọ dé ojú fèrèsé, ó padà wá, títí tó fi bá ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àwọn gílóòbù, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iná. Onígíláàsì yí ẹ̀yìn padà sí ìdí ìkòkò, bó ṣe mọ́ ọn lára.

“Elétí idẹ ti jí,” ó sọ sábẹ́ èémí. “Kó máa rọra dìde.”

“Mo gbọ́,” ni Atẹ̀wé sọ láti pálọ̀.

Ọmorogùn dúró lọ́wọ́ obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Àbígbẹ̀yìn kó ìwé rẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá ajá.

“Ṣé ó ti pẹ́ tí o ti ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀ mi?”

“Ó ti pẹ́,” ó dá a lóhùn.

“Ó tó ìgbà wo?”

“Kí a tó bí àkọ́bí.”

Atẹ̀wé fara ti ilẹ̀kùn. “Etí tí kò bá gbọ́ yìnkìn,” ó sọ, “inú kì í bàjẹ́.” “Kí lo sọ lọ́jọ́ tí mo gbé àpótí wálé?”

Ó sọ fún un. Ó sọ ti omi ìwẹ̀, ó sọ ti ìtẹ́ ọba, ó sọ ti òwú àti òkú. Lójúkojú, àwọn ọ̀rọ̀ náà kéré ju bó ṣe rò lọ. Ó tiẹ̀ tijú méjì nínú wọn. Ọkọ rẹ̀ kò bínú bó ṣe ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí wá. Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀ kan, ó fọwọ́ kan èkejì, bí ẹni tó ń wò ó bóyá wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àtúnṣe ti dé bá ẹ̀rọ omi gbígbóná.

Ẹ má rò pé ó wá di ẹni ìrẹ̀lẹ̀ o. Níbi iṣẹ́, ó gbọ́ orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè é bó bá ti kọ ẹ̀yìn, “Baba Kí-lẹ-wí”, ó sì fi ọjọ́ méjì kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí. Ní ti àpótí, kò lè jẹ́wọ́ fún ẹgbẹ́ pé ó ń súfèé. Ó sọ fún Alága pé àpótí náà ti dára ju pálọ̀ òun lọ, pé òun fi ta á lọ́rẹ. Alága fi àyà gbé e lọ sílé, inú rẹ̀ ń dùn.

Ìyàwó Alága ló pe Onígíláàsì lórí fóònù. “Mọ́mì, kí ni mo ṣe yín?”

“Má bínú. Mú bàbá lọ bá obìnrin elétí tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù mi. Má sọ pé wọ́n fẹ́ yẹ etí wọn wò, sọ pé...”

“Rárá o,” ọ̀dọ́bìnrin náà yára dá a dúró. “Mo ti wá nǹkan fi dí tèmi. Ẹ fi tiwọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti ń rí ibi sọ̀rọ̀ sí.”

Onígíláàsì kí i, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Nígbà tí ọdún ń lọ sópin, Atẹ̀wé tún gbé àpótí mìíràn wálé, èyí tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí gílóòbù mẹ́rin yọ lórí rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun kò gbọ́ràn, kékeré tó òun. Nísinsìnyí tí etí ti pé, ẹ̀tọ́ etí ni. Onígíláàsì kò wá ìkòkò kankan lọ. Ó jókòó síwájú rẹ̀ nídìí tábìlì oúnjẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára rẹ̀, láti orí àga tí wọ́n tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wá. Ó ti sọ ọ́ dé àárín nígbà tí Atẹ̀wé fọwọ́ sókè, tó yọ ẹ̀rọ etí ọ̀tún, tó yọ ti òsì, tó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀, tó sì gbé ṣíbí.

Obìnrin náà wò ó bó ṣe ń jẹun pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó yí àga rẹ̀ lọ sí abẹ́ iná, níbi tí gbogbo ẹnu rẹ̀ ti hàn kedere, ó jókòó, ó dúró títí ọkùnrin náà fi gbójú sókè, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.